Kẹ̀kẹ́ Kọ́ Ló Jẹ̀bi, Omi Ọ̀gọ̀dọ̀ Ni

  

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe alùpùpù, kì í ṣe ti àwọn zẹ́míjàn. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń gùn láti abúlé lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kì í ṣe títì ọ̀dà nìkan. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni, tó gba àárín oko ọ̀pẹ, tó wọ abẹ́ igi igbó, tó sì kọjá lẹ́bàá ọ̀gọ̀dọ̀ kó tó dé ìlú.

Ohun tó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 tàbí 12 á lọ tọ̀, wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé á ní, "Nǹkan oṣù rẹ̀ ló dé." Ẹlòmíràn á ní, "Ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn ló ṣe é léṣe. Mo ti wí tẹ́lẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan obìnrin." Ẹnì kẹta, tí ẹnu rẹ̀ mú jù, á ní, "Ó ti ń tẹ̀lé ọkùnrin." Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Bí kọlẹ́ẹ̀jì bá wá jìnnà sílé tó kílómítà 7 tàbí 8, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Yóò rìn ín fún ìgbà díẹ̀, yóò máa pẹ́ dé, wọn yóò máa bá a wí, títí ọjọ́ kan tí yóò fi jókòó sílé.

Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni, ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín. Wọ́n á ní ó ti ń di géńdé. Òun náà á máa gbé àrùn rẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀yin ìyá mi, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, omi ọ̀gọ̀dọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe fún ara

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ ẹ̀sùn kúrò lára kẹ̀kẹ́. Gígun kẹ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó dára jù fún ara ènìyàn. Ọkàn á máa lu dáadáa, èémí á gùn, iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ á le. Ó ń bá wa dènà ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Orúnkún kò sì ní ru ẹrù ara bó ti ń rù ú nígbà tí a bá ń sáré.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tó mú ara gbóná díẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 ni. Ti àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 5 dé ọdún 17 ni ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé-ìwé, tó sì tún ń gùn ún bọ̀, ti ń ṣe é láìmọ̀. Àwa tí a ń jókòó sídìí àtẹ láti àárọ̀ di alẹ́ ni kì í ṣe é. Ìyá tó bá lè gùn ún, kó má jẹ́ kí ojú tì í.

Bí ẹnì kan bá ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan obìnrin, ẹ sọ èyí fún un. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á ra kẹ̀kẹ́ tí rọ́bà rẹ̀ fẹ̀, wọ́n á gba inú igbó, wọ́n á gba ẹ̀bá adágún omi, fún ìgbádùn ara wọn. Wọ́n ń pè é ní gravel. Ọdún 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje rẹ̀ fún ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé, ní ilẹ̀ Ítálì. Obìnrin ará Faransé kan, Pauline Ferrand-Prévot, ló gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin. Irú ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá lọ́jọ́ ìsinmi, òun ni ọmọ wa ń gbà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn.

Ti pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń ba ọmọbìnrin jẹ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lè sọ ọmọ di ẹni tó ti mọ ọkùnrin. Bí ọmọ bá ṣubú lé irin kẹ̀kẹ́, ojú ara lè bó, ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé òun ṣubú, yóò dùn ún lọ́jọ́ náà, yóò sì jinná. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìtọ̀ jáde lónìí, tó tún jáde lọ́la, tó tún jáde lóṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́.

Ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ dúdú

Ẹ wo ọ̀nà tó yí Pọbẹ̀ ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Igbó kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, lẹ́bàá oko ọ̀pẹ ńlá tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1922 láti máa fi ṣe ìwádìí lórí igi ọ̀pẹ. Abẹ́ igi ibẹ̀ tutù, atẹ́gùn rẹ̀ dára, kẹ̀kẹ́ á máa sáré lórí ilẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ti ìhà Ọ̀họ̀rí bọ̀, ilẹ̀ yí padà. Ilẹ̀ dúdú ni tibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sán, ẹnu rẹ̀ á là débi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fi lè há sínú rẹ̀. Nígbà òjò, á di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ bí àtè. Kì í jẹ́ kí omi tètè wọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀gọ̀dọ̀ àti àbàtà fi pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ ń ṣe. Ní ìgbà òjò, láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí dé ìkeje, àti láti oṣù kẹsàn-án dé ìkọkànlá, ẹrẹ̀ dúdú yìí á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Á kún abẹ́ irin tó bo ẹsẹ̀ náà, títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Ọmọ á gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, ó ti ta sára aṣọ kàkí rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọ kíláàsì báyìí, wọ́n á dá òun padà. Níbo ni yóò ti fọ̀ ọ́? Ọ̀gọ̀dọ̀ tó kọ́kọ́ rí lẹ́bàá ọ̀nà ni. Á wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, á fọ ẹsẹ̀, á fọ kẹ̀kẹ́, á fọ etí aṣọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Eruku á bò ó, oòrùn ọ̀sán á mú un. Bí àwọn ọmọ bá ń bọ̀ nílé-ìwé, tí wọ́n rí omi tó ṣẹ́kù lábẹ́ igi, wọ́n á ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sómi. Ìwẹ̀ ni, eré ni, ayọ̀ ni.

Ẹ ti rí i. Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ń mú ọmọ dé etí omi. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Àrùn tó wà nínú omi náà

Orúkọ tí àwọn àgbà ń pe àrùn yìí ni àtọ̀sí ajá. Nílé-ìwòsàn, wọ́n ń pè é ní bilharziose. Orúkọ Theodor Bilharz ni wọ́n fi pè é. Dókítà ará Jámánì ni, òun ló rí aràn rẹ̀ nínú òkú ènìyàn ní ìlú Kairo, ní ọdún 1851.

Ẹ fetí sí bó ṣe ń rìn, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé ló lè ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó ní aràn náà lára á tọ̀ sínú omi tàbí sí etí omi. Ẹyin aràn wà nínú ìtọ̀ náà. Bí ẹyin bá kan omi, á pa. Ohun tó jáde níbẹ̀ á wá ìṣáwùrú kékeré kan, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ewé àti koríko inú omi tí kì í sàn. Á wọ inú ìṣáwùrú náà, á máa pọ̀ sí i níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ìṣáwùrú á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọmọ aràn sínú omi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, ni wọ́n ń jáde jù. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ wa máa ń fẹ́ wẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá wọ omi, ọmọ aràn á lẹ̀ mọ́ awọ ara, á gba ibẹ̀ wọlé. Kò dìgbà tí ọgbẹ́ bá wà. Kò dìgbà tí ènìyàn bá mu omi náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ara lè yún ọmọ lọ́jọ́ náà, ó sì lè má yún un rárá. Aràn á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á dàgbà, akọ àti abo á pàdé, wọ́n á lọ tẹ̀dó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpòòtọ̀ ká. Abo á máa yé ẹyin lójoojúmọ́. Ẹyin náà ní ẹ̀gún lẹ́nu. Ẹ̀gún yìí ló ń gún àpòòtọ̀, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí.

Láti ọjọ́ tí ọmọ wọ omi dé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yóò hàn, ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá kì í fi í ro omi mọ́. Ọmọ ti gbàgbé ọ̀gọ̀dọ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ṣì wà níwájú ilé. Kẹ̀kẹ́ tí ojú rí ni wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú tó wà níbẹ̀

Nítorí pé wọ́n ń pe àrùn yìí ní àtọ̀sí ajá, àwọn kan rò pé ọ̀kan náà ni òun àti àtọ̀sí tí ènìyàn ń kó láti ara ọkùnrin tàbí obìnrin. Rárá o. Orúkọ ló jọ ara wọn. Àtọ̀sí ajá kì í ran ènìyàn láti orí ẹní. Kò sì níí ṣe pẹ̀lú ajá. Inú omi ni a ti ń kó o. Ọmọ tí kò tíì mọ ọkùnrin rí ń kó o. Ọmọ ọdún 3 tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọpọ́n, pẹ̀lú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ní ọ̀gọ̀dọ̀, lè kó o.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tún súnmọ́ mi díẹ̀. Ẹyin aràn yìí kì í dúró sí àpòòtọ̀ nìkan. Ó lè lọ sí ojú ara obìnrin àti ẹnu ilé-ọmọ, kó dá egbò síbẹ̀. Obìnrin náà á máa rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀, tàbí kí omi tí kò dára máa jáde lára rẹ̀, tàbí kí ìsàlẹ̀ ikùn máa dùn ún. Ó lè dènà ọmọ bíbí. Egbò náà sì lè jẹ́ kí kòkòrò àrùn sídà tètè rí ọ̀nà wọlé. Mélòó nínú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pè ní alágbèrè, nígbà tó jẹ́ pé omi tó ń lọ pọn láti kékeré ló ṣe é? Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Àìsàn là á wò, a kì í fi í ṣe ẹjọ́.

Àwọn àmì tí kò yẹ kí ìyá fojú fò nìyí:

Bí ìtọ̀ bá pọ́n, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán ní ìparí ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá ń ta ọmọ. Bí ó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún. Bó bá ń rẹ̀ ẹ́, tí ojú rẹ̀ funfun, tí kò lè ka ìwé bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù.

Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, aràn náà lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú àpòòtọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àyẹ̀wò àti oògùn

Ìròyìn ayọ̀ ni pé àrùn yìí ní oògùn, oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Wọ́n á gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó bóyá ẹyin aràn wà níbẹ̀. Ìtọ̀ tó dára jù fún àyẹ̀wò yìí ni ti ọ̀sán, láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyin ń jáde jù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ọmọ sáré díẹ̀ tàbí kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ kó tó tọ̀. Ẹ rí i? Kẹ̀kẹ́ tí a ń bá wí tún lè bá wa ṣe àyẹ̀wò.

Orúkọ oògùn náà ni praziquantel. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn lò, bí ara rẹ̀ bá ti wúwo tó ni wọ́n ń wọn iye hóró rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá pín in nílé-ìwé, ẹ ó rí i tí wọ́n ń gbé ọmọ dúró ti igi ìwọ̀n kan. Bí ọmọ bá ti ga tó lára igi náà ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tí yóò lò. Kí ọmọ jẹun kó tó lo oògùn náà. Òòyì lè kọ́ ọ díẹ̀, inú lè run ún, kò ní pẹ́ lọ. Ẹ má ṣe tìtorí èyí fi ọmọ pa mọ́ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín oògùn.

Nǹkan méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní, oògùn náà ń pa aràn tó ti dàgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ padà lọ. Èkejì, oògùn kì í ṣe odi. Ọmọ tó bá tún padà sínú ọ̀gọ̀dọ̀ yóò tún kó o. Ẹ má sì ra hóró lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ oògùn sínú oòrùn ọjà. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ọmọ ṣe lè gba ọ̀nà náà láìfọwọ́ kan omi

A kò ní kí ọmọ má gba inú igbó. A kò ní kó má kọjá lẹ́bàá ọ̀gọ̀dọ̀. Ẹ̀bá omi kò ní àrùn yìí, inú omi ló ní in. Atẹ́gùn rẹ̀ kì í ṣe é. Ohun tí a fẹ́ kó ṣe nìyí.

Ẹ fún ọmọ ní bidọ́ọ̀nù kékeré kan tó kún fún omi pọ́ǹpù tàbí omi kànga tó mọ́, kó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Lítà 2 tàbí 3 ti tó láti fọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Omi tí yóò mu, kó wà nínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kó mú igi pẹlẹbẹ kan dání, kó máa fi ha ẹrẹ̀ dànù lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹrẹ̀ dúdú yẹn kì í fẹ́ omi, ó fẹ́ kí a ha á. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an, kó wọ ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì mìíràn sójú ọ̀nà, kó di kàkí rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó pààrọ̀ bó bá dé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òbí nílé-ìwé, ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀. Kí ìkòkò omi kan àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kí ọmọ tó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ lè fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé wọn ò ní dá òun padà kò ní wọ ọ̀gọ̀dọ̀. Ohun kékeré yìí lè dáàbò bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ.

Ẹ bá ọmọ yan ọ̀nà. Ẹ bi í léèrè pé, "Ibo lẹ ti ń dúró sinmi?" Bí ọ̀nà méjì bá wà, tí ọ̀kan gba àárín omi kọjá, tí èkejì gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ní afárá, ẹ jẹ́ kó gba ti afárá. Kí abẹ́ igi tó jìnnà sí omi di ibi ìsinmi wọn. Bí omi bá ti bo ọ̀nà, kó padà sílé. Omi tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbé e lọ, a kò ní sọ ti àrùn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀. Ìyẹn ni oúnjẹ àrùn yìí. Bí gbogbo wa bá ní ilé ìgbẹ́ tí a sì ń lò ó, aràn náà kò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìṣáwùrú.

Bó bá jẹ́ pé omi ọ̀gọ̀dọ̀ nìkan ni ẹ ní fún ìwẹ̀ nílé, bíi ti àwọn abúlé kan ní agbègbè Kétu tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ìṣáwùrú má bàa bá a wọlé. Ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko kí ẹ tó lò ó. Ọmọ aràn kì í lè pẹ́ ju wákàtí 48 lọ láyé bí kò bá rí ara ènìyàn wọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó lọ́jọ́ náà, ẹ sè é kó hó. Èyí tí ẹ máa mu, ẹ gbọ́dọ̀ sè é bí ó ti wù kó rí, nítorí àrùn mìíràn wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣèèṣì já sómi ńkọ́? Kó jáde kíá, kó fi aṣọ gbígbẹ nu ara rẹ̀ gírígírí. Ó lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ máa wo ìtọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí i.

Ẹ má gbàgbé kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ ìjánu rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí yanrìn ọ̀nà pupa ń jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá ṣubú tí ó fara pa, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè nílé-ìwòsàn bóyá ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ipá. Bí ejò bá bù ú jẹ nínú igbó, kó má sáré, kó má gun kẹ̀kẹ́, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń béèrè

*Ṣé ẹja inú ọ̀gọ̀dọ̀ lè kó o ràn wá?* Jíjẹ ẹja tó jinná kì í fà á. Ẹni tó wọ omi lọ pa ẹja náà ni ó wà nínú ewu.

*Ṣé mo lè kó o lára ọmọ mi tí mo bá fọ aṣọ rẹ̀?* Rárá. Kì í lọ láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ọ̀gọ̀dọ̀ lẹ ti ń fọ aṣọ, ẹ̀yin náà lè ti ní tiyín. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò.

*Omi náà mọ́ lójú, ó ń dán. Ṣé ó lè ní in?* Ó lè ní in. N kò sọ pé gbogbo ọ̀gọ̀dọ̀ ló ní in o, ṣùgbọ́n ojú kò lè mọ èyí tó ní in àti èyí tí kò ní.

*Olóyún ni mí, mo sì ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀.* Ẹ má dúró sílé. Ẹ lọ sọ fún agbẹ̀bí yín lónìí. Ẹ̀jẹ̀ lára olóyún lè jẹ́ nǹkan mìíràn tó burú. Bó bá sì jẹ́ àtọ̀sí ajá ni, olóyún tó ti kọjá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lo oògùn náà, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fún wọn.

Ẹ̀yin ìyá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ pe ọmọ yín tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń fọ ẹsẹ̀. Ẹ bi í léèrè àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́, kí ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́la. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Òun ni yóò gbé e dé ibi tí ìwé yóò gbé e dé.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí. Ire o.